Láti Wharf Road dé Lọ́ńdọ̀nù: Àṣàyàn Orin Ẹgbẹ́ BLO

Mo mọ̀ pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti kọ nǹkan síbí gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni, ẹ má bínú. Ohun tí ó gbé mi dìde lónìí ni ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí nínú kíláàsì. A ń sọ̀rọ̀ lórí bí ohùn orin ṣe ń bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn nínú èdè olóhùn bíi tiwa, mo sì ń fi jùjú àti àpàlà ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ náà nawọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé Yorùbá kankan tilẹ̀ ti lu rọ́ọ̀kì rí?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé inú ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ tọ̀sán tòru ni mo gbé dàgbà, ní Ajégúnlẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ni ó ni ẹ̀rọ giramafóònù tí mo ń wí yìí. Bọ̀dá Tálì ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ tálì ni ó ń ṣe ní wọ́ọ̀fù Àpápá: òun ni í dúró lẹ́bàá ọkọ̀ ojú omi, tí í máa ka àpò àti àpótí bí wọ́n ti ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún ni ilé wa, ìlẹ̀kùn kọjú sí ìlẹ̀kùn, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ni ó sì wà láàárín. Bí Bọ̀dá bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó wẹ̀, tí ó jẹun tán, yóò gbé àwo orin lé ẹ̀rọ, gbogbo ilé yóò sì gbọ́, ẹni tí ó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Orin Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé wà nínú ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n àwo tí ó máa ń fi aṣọ nù kí ó tó gbé e lé ẹ̀rọ, tí kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn, ni ti ẹgbẹ́ kan tí ó ń pè ní "Búlò."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé BLO ni wọ́n ń kọ ọ́, àti pé lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró fún ènìyàn mẹ́ta: Berkely Jones tí ń ta gìtá, Láolú Akins tí ń lu ìlù, àti Mike Gbenga Odùmósù tí ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Akins ni ìlú mọ Láolú sí, ṣùgbọ́n Akintobi ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Àṣà àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ni pé kí wọ́n gé orúkọ kúrú, kí wọ́n sì fi "s" kan há a nídìí kí ó lè dún bí ti Òyìnbó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìró, ẹ wo ohun tí Bọ̀dá ṣe sí orúkọ ẹgbẹ́ náà. Èdè wa kì í gba kọ́ńsónáǹtì méjì láyè kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà ni a ṣe ń ki fáwẹ̀lì bọ àárín wọn. Bí èyí àkọ́kọ́ bá sì jẹ́ b, u ni a sábà máa ń kì bọ̀ ọ́. Bí bread ṣe di búrẹ́dì, tí blue sì di búlúù, bẹ́ẹ̀ gan-an ni BLO ṣe di Búlò. Wọ́n ti sọ ẹgbẹ́ náà di ọmọ ilé kí wọ́n tó bí mi.

Ní ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àṣàyàn orin ẹgbẹ́ yìí jáde, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Phases 1972–1982. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé Nigeria 70 jáde, èyí tí ó kó orin oríṣiríṣi ẹgbẹ́ Èkó papọ̀. Ìgbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni síídì BLO yìí bọ́ sí mi lọ́wọ́. N kò ní purọ́ fún yín, mo jó nínú yàrá mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọdún méjèèjì tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ta ni ó ní 1972 ni ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀? Ta ni ó sì ní 1982 ni ó parí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò, nítorí pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Irú àwo báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àkójọ orin. N kò rò pé ó tọ̀nà. Àkójọ ni ohun tí a kó tí a sì fi jọ, bí ẹni ń gbálẹ̀ tí ó ń kó gbogbo rẹ̀ sójú kan láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Àṣàyàn ni ohun tí a ṣà tí a sì yàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ojú. Bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà ni: a tẹ́ ẹ sórí atẹ, ojú ń wò, ọwọ́ ń mú, èyí tí kò wù wá bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀wà náà kò ní mọ ohun tí a ṣà dànù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ṣíṣà, àwa náà ń ṣà á. Àmọ́ ó yẹ kí a mọ̀ pé wọ́n ṣà á.

Bí a bá ń tọpa ẹgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, 1972 kò burú. Kí ó tó di ìgbà náà, Jones àti Láolú ti wà nínú Clusters, ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ń fi wé Beatles ní ìparí àwọn ọdún 1960. Wọ́n ti gba inú Afro Collection kọjá. Wọ́n sì ti bá Ginger Baker ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Salt. Baker yìí ni onílù ẹgbẹ́ Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971, tí ó sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà lẹ́yìn náà. Àwọn ìbejì Lìjàdù wà lára àwọn tí ó bá Salt lọ ṣeré ní Munich ní 1972, lásìkò ìdíje Òlíḿpíìkì. Nígbà tí Salt tú ká ni Jones, Láolú àti Odùmósù da tiwọn sílẹ̀, gìtá kan tí ń ké bí ẹni tí inú ń bí, ìlù kan, ohùn ìsàlẹ̀ kan, kò sí fèrè, kò sí ọ̀pọ̀ agberin. Ẹni mẹ́ta péré! Ní ìlú tí ẹgbẹ́ jùjú ti ń kó ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sórí ìtàgé, ìgboyà ni.

EMI ni ó gbé àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Wharf Road ní Àpápá ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI wà nígbà náà, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àwo sì wà lẹ́yìn ilé náà. Ọdún yẹn kan náà ni Wharf Road di ibi tí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí BLO. Ní òpin oṣù Ògún, 1973, Paul McCartney, ìyàwó rẹ̀ Linda, àti Denny Laine dé síbẹ̀ láti gba àwo Band on the Run sílẹ̀, lẹ́yìn tí méjì nínú ẹgbẹ́ wọn ti kẹ̀yìn sí ìrìn àjò náà. Wọ́n bá sítúdíò tí wọn kò tíì kọ́ parí. Àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí tọkọtaya náà lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì gba téèpù tí wọ́n ti kọ àwọn orin náà sí. Fẹlá náà lọ bá a wíjọ́ ní sítúdíò, pé orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó wá jí. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti padà sílé. Títí di òní, bí o bá dárúkọ Wharf Road níwájú Òyìnbó tí ó fẹ́ràn orin, ìtàn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn ni yóò sọ fún ọ. Kò ní sọ ti Odion Iruoje, tí ó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ fún EMI, tí ó kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St Gregory's jọ, àwọn tí ń jẹ́ Ofege, tí wọ́n ṣe Try and Love, tí Berkely Jones sì bá wọn ta gìtá sí i. Ọmọ iléèwé ni wọ́n o, tí wọn kò tíì ṣe tán!

Ṣùgbọ́n ìtàn orin kì í ṣe ìtàn àwọn olórin nìkan. Ìtàn ilẹ̀ tí wọ́n dúró sí ni pẹ̀lú. Èyí ni ìdí tí mo fi ń sọ pé 1972 ti pẹ́ jù. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ńlá ní Àpápá lọ́wọ́ Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó. Olóyè Àmọ́dù Tìjání ni ó wà lórí oyè nígbà náà. Ilé ẹjọ́ níbí gbà pé kì í ṣe oní-ilẹ̀ ní kíkún, pé ẹ̀tọ́ kékeré kan ni ó ní lórí rẹ̀, nítorí náà kí owó tí wọn yóò san fún un kéré. Olóyè kọ̀. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a wọ ọkọ̀ lọ ní 1920, ó mú ọ̀pá àṣẹ ọba Èkó dání, èyí tí ó dá ìjà ńlá mìíràn sílẹ̀ nílé tí n kò ní lè sọ tán níhìn-ín. Ní 1921, Privy Council dá Olúwa láre: àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀, ìjòyè sì dúró fún wọn. Owó tí ó ti ìdájọ́ náà jáde jẹ́ 22,500 pọ́n-ùn. Owó ni ó padà wá, ilẹ̀ kò padà. Èbúté ìgbàlódé dìde ní Àpápá láàárín àwọn ọdún 1920 yẹn, ilé-iṣẹ́ sì tẹ̀lé èbúté, nítorí pé ohun èlò tí ó bá ti òkè òkun wá kì í rìn jìnnà níbẹ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ Àpápá dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1921, orin Àpápá sì ti Lọ́ńdọ̀nù padà wá ní 2001. Ọgọ́rin ọdún ni ó wà láàárín wọn.

Bí Àpápá ṣe ń di ti èbúté, ti ilé-iṣẹ́ àti ti àwọn Òyìnbó olówó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí kò rí ibi gbé níbẹ̀ ń sún sí Ajégúnlẹ̀. Orúkọ ìlú yìí dùn mọ́ni: ajé gúnlẹ̀. Gúnlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ohunkóhun tí ó bá dé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ ni í gúnlẹ̀, tí imú rẹ̀ í kan èbúté. Ẹni tí ó sọ ibẹ̀ ní orúkọ yìí ń retí pé ọrọ̀ yóò gba ojú omi wá. Bọ̀dá Tálì, tí ó ń ka ọrọ̀ náà ní àpò kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, a máa fi ṣẹ̀fẹ̀. A ní, "Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, Àpápá ni ó sùn. Àwa ni wọ́n fún ní orúkọ rẹ̀."

Àwọn tí ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, àwọn tí ń dúró ti ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń sùn ní Ajégúnlẹ̀. Nínú ilé wa, Ìlàjẹ wà, Ìjọ̀ wà, Urhobo wà, Ìgbò wà, àwa Yorùbá tí a ti òkè wá náà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí rí pé kí ló dé tí irú ẹgbẹ́ báyìí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọrin, ṣé wọ́n ń tijú èdè wọn ni. Ó yẹ kí ó ti gbé ilé wa. Bí Bọ̀dá bá fi Obey sí i, ìdajì ilé yóò máa jó, ìdajì yóò máa béèrè pé kí ni ó wí. Bí ó bá fi Búlò sí i, kò sẹ́ni tí ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń wí, nítorí náà kò sẹ́ni tí ó béèrè. Ìyá Ìjọ̀ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa a máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà, a máa mi orí sí i bí ó ti ń ya ẹja. Mo mọ̀ pé ìṣòro ohùn náà wà níbẹ̀, èyí tí a ń sọ nínú kíláàsì: gìtá rọ́ọ̀kì ní ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà gòkè àti ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà sọ̀ kalẹ̀, kò sì bìkítà bóyá ọkọ́ ni o ń wí tàbí ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ ọ́ ní láti tẹ orí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ba. Ọgbọ́n ni BLO fi yẹra, kì í ṣe ìtìjú.

Nísinsìnyí, ìparí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo orúkọ àwọn àwo wọn bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn láàárín 1973 sí 1976: Chapter One, Phase II, Step Three, Phase IV. Orí kìíní, ìpele kejì, ìgbésẹ̀ kẹta, ìpele kẹrin. Wọ́n ń ka ara wọn bí ẹni ń ka ojú ìwé. Ẹni tí ó bá ń kàyé báyìí ń sọ fún ọ pé òun ṣì ń bọ̀. Ní ìpele kejì, wọ́n ti kúrò ní EMI lọ sí Afrodisia, tí í ṣe ti Decca. Odùmósù bá Osibisa lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orin náà sì ń kúrò ní rọ́ọ̀kì díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ sí fọ́ńkì àti dísíkò, nítorí ohun tí àwọn ènìyàn ń jó sí nígbà náà nìyẹn. Àwọn olùṣàyàn ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ràn apá ìbẹ̀rẹ̀ tí gìtá ti ń ké gan-an, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí owó náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, títẹ àwo di ọ̀ràn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì tú ká. Báyìí ni 1982 ṣe di ìparí.

Kò parí. Láolú Akins kò sinmi. Ó kúrò nídìí ìlù, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, ó di ẹni tí ń darí bí àwo àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jáde. Ní 1989, òun ni ó darí Ace, àwo Shina Peters. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ìgbà náà mọ ohun tí mo ń wí. Jùjú tí ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí alàgbà tí ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì kàn sáré lójijì, ìlù di kíákíá, gbogbo ìlú di Shinamania. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kò sí ìsọmọlórúkọ kan ní Ajégúnlẹ̀ tí a kò ti jó o títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí orin jùjú a máa wá orísun eré sísá yẹn sínú afrobeat, wọ́n kò ṣì í. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ ti fi ọdún mẹ́wàá lu ìlù rọ́ọ̀kì. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí ó tóbi jù tí ẹgbẹ́ BLO ṣe fún orin Yorùbá ni èyí, ó sì ṣẹlẹ̀ ní ọdún méje lẹ́yìn tí àṣàyàn náà ti ní ó parí. Kò lè sí nínú síídì náà, nítorí pé orúkọ BLO kò sí lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n ṣà á, ma á fi orin kan láti inú Ace há a sí ìparí, kí àwọn agbẹjọ́rò máa bọ̀.

N kò bá àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù jà o. Ní àkókò òjò ọdún kan, omi wọ ilé wa ní òru; àwọn tí ó gbé Ajégúnlẹ̀ mọ bí omi ibẹ̀ ṣe máa ń dé láìkanlẹ̀kùn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Bọ̀dá ń tọ́jú àwọn àwo rẹ̀ sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, páálí wọn ti di ẹ̀kọ, ẹrẹ̀ sì ti bo ojú wọn. Ó tò wọ́n sí oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ wọn kò tún ké mọ́. Bí àwọn kan kò bá ṣà á ní òkè òkun, n kì bá tí rí ọ̀kan gbọ́ mọ́. Láti ìgbà náà, àwọn tiwa ti ń kọ ọ́ pẹ̀lú: ní 2016, Uchenna Ikonne kó ìtàn àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Nàìjíríà láti 1972 dé 1977 jọ sínú Wake Up You!, apá méjì, ìwé pẹ̀lú orin. Mo gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti wá a kà.

Nígbà tí mo ra síídì náà, mo gbé e lọ fún Bọ̀dá. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó ti kúrò ní Èkó, ó ń gbé ní ìlú wa. Mo gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, mo tàn án. Kò sọ nǹkan kan. Ó di ojú, ó ń fi ìka lu apá àga. Orin kìíní kọjá, èkejì kọjá, ó tó bí ìdajì wákàtí. Lójijì ó dìde, ó rọra rìn lọ sídìí ẹ̀rọ.

Mo ní, "Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Ó ní, "Mo fẹ́ yí i padà ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ti tán."

Mo sọ fún un pé irú èyí kò ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e, orin tí ó kàn sì bẹ̀rẹ̀.